Ohùn Tíṣà Nìkan

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù

Tóyìn pè láti Winnipeg ní Kánádà lọ́sàn-án yìí. Wọ́n ti mú ọjọ́: 22 Agẹmọ. Àwọn dókítà máa yọ gògóńgò bàbá rẹ̀ kúrò pátápátá. Ó ní bí wọ́n bá tètè ṣe é, ẹ̀mí ò ní bọ́, àmọ́ ohùn ò ní sí mọ́. Nọ́ọ̀sì ni Tóyìn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣàlàyé oògùn fún aláìsàn. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni mo tó ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ìfẹ́dayọ̀, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́. Ṣé àwọn fúnra wọn mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n bẹ dókítà pé kó sún un sí ẹ̀yìn Kérésì, kí àwọn lè bá wọn kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan sí i. Dókítà ní rárá."

Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé títí òjò fi lé mi wọlé. Ọdún méjìdínlógójì ni Tíṣà Oyèkànmí, bàbá Tóyìn, fi kọ́ àwa ọmọ tí kò ríran bí a ṣe ń fi ìka ka Yorùbá. Àwọn náà ò ríran. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí éèyí gba ojú mi tí wọ́n sì mú mi dé kíláàsì wọn. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ nípa ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ wa. Ẹnu wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù.

Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdù

Shukurat pè láti ilé ẹ̀kọ́. Kíláàsì kan náà la jọ wà, òun ló sì ń kọ́ni níbi tí Tíṣà ti fẹ̀yìn tì.

"Ọmọ mọ́kànlá ló wà níwájú mi, Ìfẹ́. Wọ́n mọ lẹ́tà, wọn ò mọ àmì ohùn. Wọ́n ń ka Yorùbá bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù. Èmi fúnra mi ti gbàgbé ìdajì àwọn gbólóhùn Tíṣà. Kò ha yẹ ká gbà á lẹ́nu wọn báyìí?"

Mo ní kí Tóyìn gbé fóònù síwájú bàbá rẹ̀ kí wọ́n máa sọ ọ́ sí i. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ti dán an wò. Tíṣà ní àwọn ò lè kọ́ fóònù níwèé. Ìgbà wo ni fóònù máa ṣì í sọ tí àwọn fi máa tún un ṣe? Àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún ni èmi, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ níbí, mẹ́wàá àárọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Tóyìn máa ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún wọn kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 4 Òkúdù

Ẹ̀kọ́ kìíní. Ìkíni nìkan gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tíṣà béèrè màmá mi, wọ́n béèrè Bódìjà, wọ́n béèrè bóyá ọ̀nà Agbowó ṣì máa ń dí lọ́wọ́ alẹ́. Ohùn wọn ti há, bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ní "Jókòó dáadáa", ẹ̀yìn mi nà gbọnrangandan fúnra rẹ̀.

"Ibo ni ohùn ìsàlẹ̀ wà?"

Mo fi ọwọ́ kan orúnkún. "Orúnkún, sà."

"Ti àárín ńkọ́?"

"Àyà."

"Ti òkè?"

"Iwájú orí, sà."

"O ò tíì gbàgbé. Ó dáa. Ẹ̀wà ò ní ẹwà, àfi bí epo bá kàn án. Fi ọwọ́ sọ ọ́ fún mi kí o tó fi ẹnu sọ ọ́."

Mo ń fọwọ́ kan ara mi káàkiri nínú yàrá bí ẹni tí kòkòrò ń jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 5 Òkúdù

Mo gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀ lánàá. Kò ṣeé lò.

Ètò tí mo fi gbà á ń gba gbogbo ohun tó bá ti jáde láti inú kọ̀ǹpútà, Alákàwé sì ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alákàwé ni mo ń pe ohùn tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí mi létí. Òun ni ojú mi nídìí iṣẹ́ yìí. Tíṣà ní "ẹ̀wà ò ní", Alákàwé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ orin orúnkún, orin tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Alákàwé ní oníbàárà kan ti fi lẹ́tà ránṣẹ́. Níbi tí orin náà ti dùn jù, ó ní bátìrì ti ń lọ sílẹ̀.

N ò sì lè pa á lẹ́nu mọ́. Bí mo bá pa á lẹ́nu, n ò ní mọ̀ bóyá ìpè ṣì wà lórí ìlà tàbí ó ti já, n ò ní mọ̀ bóyá ètò náà ń gba nǹkan kan sílẹ̀ rárá.

Ẹtì, 6 Òkúdù

Iléyá. Mo gbé fóònù ti ẹnu kọ̀ǹpútà kó máa gba Tíṣà sílẹ̀. Ó gba Tíṣà. Ó gba jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, ó gba òjò orí páànù, ó gba àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé àgbò. Ìyá Sàláwù ní ilé iwájú fi ẹran ránṣẹ́, kíkàn tó kan ilẹ̀kùn náà wà nínú ẹ̀kọ́ kejì.

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdù

Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Agbowó lọ bá Ẹ̀gbọ́n Sùrájù tó ń tún kọ̀ǹpútà mi ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wọn tì. Ìsinmi ọdún ò tíì tán. Mo ra àgbàdo sísè lọ́wọ́ obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo padà sílé.

Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù

Ẹ̀gbọ́n Sùrájù ń rẹ́rìn-ín mi lákọ̀ọ́kọ́.

"Kí ló dé tí o ò fi pa ohùn tó ń pariwo yìí, kí o gba ìpè rẹ sílẹ̀ ní àlàáfíà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ojú yín."

"Kí n dijú?"

"Ẹ di í. Ó yá, ẹ pa á lẹ́nu, kí ẹ wá ṣí ètò ìpè fún mi."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì. Mo gbọ́ tí wọ́n tún tẹ òmíràn. Ó pẹ́ díẹ̀. Oníbàárà kan wọlé, ó kí wọn, wọ́n ní kó dúró.

"N ò mọ ibi tí mo wà," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn, ohùn wọn sì ti yàtọ̀. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé ni Ẹ̀gbọ́n Sùrájù; láti ọdún mẹ́fà tí a ti mọra, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fa àga fún mi kí wọ́n tó fa ti ara wọn. "Ó yá, kí lo fẹ́ gan-an?"

"Ohùn ètò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀. Kí àwọn yòókù máa sọ̀rọ̀ sí mi létí, àmọ́ kí wọ́n má wọnú fáìlì."

Wọ́n wá ohun kan tí wọ́n ní ó dà bí wáyà, àmọ́ tí kò sí wáyà níbẹ̀. A ó darí ohùn ìpè gba inú rẹ̀, ètò ìgbohùnsílẹ̀ á máa dúró dè é ní ìpẹ̀kun. Wọ́n fi orin kan dán an wò. Orin nìkan ló wọlé, Alákàwé ò sí níbẹ̀. A bọ ara wa lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 11 Òkúdù

Ohùn ìpè gba inú wáyà tí kò sí lọ lóòótọ́. Inú rẹ̀ náà ló gbé. Kò dé etí mi rárá. Aago mẹ́rin lu, mo ń sọ pé "Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé wọn ò tíì jókòó ni. Mo dúró ogún ìṣẹ́jú, mo pa á.

Nígbà tí mo ṣí fáìlì ni mo tó mọ̀. Tíṣà ti wà níbẹ̀ látìgbà tí aago ti lù. Wọ́n dá mi lóhùn. Wọ́n ní "Ìfẹ́dayọ̀, ṣé o wà níbẹ̀?" Mo kà á: ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n pe orúkọ mi. Ẹ̀yìn náà wọ́n ń dá kọrin díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Mo pe Tóyìn, mo tọrọ àforíjì. Ó ní bàbá òun ò bínú. Mo mọ̀ pé wọn ò bínú. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí.

Ẹtì, 13 Òkúdù

Ní Agbowó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀gbọ́n Sùrájù so wáyà àfinúrò náà pọ̀ mọ́ etí mi, ohùn wá ń dé lẹ́ẹ̀mejì, èkejì ń tẹ̀lé èkíní bí ẹni ń sín ènìyàn jẹ. A tú u palẹ̀.

Wọ́n wá ní ọ̀nà kan kù. Ètò kan wà, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé èwo nínú àwọn ètò tó ṣí lo fẹ́ kí n gba ohùn rẹ̀? Ènìyàn á yan ọ̀kan, ìyẹn nìkan ló máa gbọ́. Kò sí wáyà kankan. Àmọ́ Windows inú kọ̀ǹpútà mi ti gbó ju ohun tó lè gbé e lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di tuntun, dátà tí ìyẹn máa jẹ kì í ṣe kékeré, iná Agbowó sì nìyí, ó ń dé, ó ń lọ.

"Fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi títí di Ìṣẹ́gun," ni wọ́n wí.

Mo gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà fúngbà díẹ̀ kí n tó fi í sílẹ̀. Orí yọ mí, Tíṣà náà ní àyẹ̀wò ní ọsibítù títí di ọjọ́ Ajé.

Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù

Mo lọ sí Dùgbẹ̀ lọ ra bébà líle tí mo fi ń kọ ìwé ìrántí yìí. Ìdì kan tí mo rà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ́dún tó kọjá ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀. Mo ra ìdì kan dípò méjì. Bí ọjọ́ kan bá fò, ẹ má bínú sí mi.

Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdù

Kọ̀ǹpútà ti dé ọwọ́ mi, ètò tuntun ti wà nínú rẹ̀. Ìṣòro mìíràn: àwọn tó ṣe é ò fún àwọn bọ́tìnnì ibi pàtàkì kan lórúkọ. Bí mo bá dé ibẹ̀, "bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì" nìkan ni Alákàwé ń wí.

Ẹ̀gbọ́n Sùrájù tún di ojú wọn. N ò sọ fún wọn lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ka iye rẹ̀ sókè, wọ́n ń ṣí ojú wò ó, wọ́n tún ń dì í.

"Ìkẹsàn-án ni ti ibi tí wàá ti yan ètò. Ìkẹtàlá ni ti ìbẹ̀rẹ̀. Má dé ìkẹrìnlá o, pípa ni ìyẹn."

Mo fi bíréèlì, lẹ́tà tí a ń fi ìka kà, kọ ọ́ sórí ègé bébà líle kan, mo fi okùn so ó mọ́ etí kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́rú, 18 Òkúdù

Tíṣà nìkan!

A tún ẹ̀kọ́ kìíní ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Alákàwé sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o, ó ka aago, ó ka lẹ́tà, ó ní bátìrì ń lọ. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan nínú fáìlì. Òjò rọ̀ níbí, kò wọlé. Ohùn Tíṣà ló wà níbẹ̀, àti dídún àga tí wọ́n jókòó lé, àti ẹyẹ kan lẹ́nu fèrèsé wọn tí kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé itọ́ mì, tó ń dùn wọ́n.

Mo se ìrẹsì ọ̀fadà jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù

N ò tètè fura lánàá. Ohùn temi ò sí nínú rẹ̀ rárá. Ohun tó ń jáde láti inú ètò ìpè ni mo ń gbà sílẹ̀. Ohùn temi gba inú máìkì wọlé ni, kì í jáde síbi tí ètò náà ti lè gbà á. Tíṣà á béèrè ìbéèrè, ilẹ̀ á pa rọ́rọ́, wọ́n á wá ní "Ó dáa. Tún un sọ." Ilẹ̀ á tún pa rọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n Sùrájù ní kò le, a lè fi máìkì kún un. Mo kọ́kọ́ fi ti àná ránṣẹ́ sí Shukurat bó ṣe wà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á.

Ẹtì, 20 Òkúdù

Shukurat ló ń pariwo lórí fóònù.

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan! Ìfẹ́, o gbọ́? Má fi máìkì kankan kún un!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo tan án fún àwọn ọmọ láàárọ̀ yìí. Nígbà tí Tíṣà béèrè ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ wà tí wọ́n dákẹ́, gbogbo kíláàsì ní 'Orúnkún!' Tíṣà ní 'Ó dáa. Tún un sọ', wọ́n tún un sọ. Wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá wọn ń fọwọ́ gbá iwájú orí."

Ibi tí mo rò pé ó ṣófo, ìjókòó àwọn ọmọ ni.

Ọjọ́rú, 25 Òkúdù

Ẹ̀kọ́ keje. Shukurat ní ẹjọ́ kan wà. Mo ṣì ọ̀rọ̀ kan sọ nínú ẹ̀kọ́ karùn-ún, Tíṣà sì ní "Rárá, o ti já a wálẹ̀ jù." Inú bí àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn, Mofẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní àwọn sọ ọ́ dáadáa, Tíṣà ló fi ìyà jẹ àwọn.

Ó di dandan kí n má ṣì í mọ́. Mo ń ka iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò, mo sì ń dúró díẹ̀ kí n tó dáhùn, bí ọmọdé ṣe máa ń dúró.

Ẹtì, 27 Òkúdù

Tíṣà ní: "Ìfẹ́dayọ̀, kí ló dé tí o fi gbọ́n tó báyìí? O ò gbọ́n tó báyìí rí."

Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Mo ní àwọn ọmọ mọ́kànlá ló ń gba ẹnu mi dáhùn. Ohùn àga wọn dún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé "Ẹ jókòó dáadáa" dípò "Jókòó".

Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Kò sí iná láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò ló wó òpó. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Agbowó ní aago mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n Sùrájù ti tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì gbé e jìnnà sí ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn lé àwọn oníbàárà jáde? Mo ní kò nílò rẹ̀, ariwo ṣọ́ọ̀bù ò lè wọnú fáìlì. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, wọ́n á ní "Ẹ rọra, kíláàsì ń lọ."

Mo yọ íápíìsì kan fún wọn kí àwọn náà máa gbọ́. Ní agbede méjì ẹ̀kọ́ kẹwàá, mo gbọ́ tí nǹkan lu àtẹ tábìlì. Orúnkún Ẹ̀gbọ́n Sùrájù ni. Wọ́n ń wá ohùn ìsàlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Iná dé.

Ọjọ́ Ajé, 7 Agẹmọ

Wákàtí kan ti di ìdajì wákàtí. Tóyìn ní kí n máa jẹ́ kí wọ́n mumi láàárín. Mo ń gbọ́ bí ife ṣe ń kan eyín.

Mo bi wọ́n lẹ́yìn ẹ̀kọ́ bóyá kí a sinmi lọ́la. Wọ́n ní, "Ìsinmi tí mo máa sinmi ń bọ̀, ọmọ mi, kò ní lópin. Kí ló kù?"

"Ẹ̀kọ́ mẹ́fà, sà."

"Àá ṣe méje."

Ọjọ́bọ̀, 10 Agẹmọ

Ẹ̀kọ́ kẹrìnlá. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Ìṣẹ́gun, 15 Agẹmọ

Ìpè já lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá já, ètò ìgbohùnsílẹ̀ á gbàgbé èyí tí mo yàn, màá tún ka bọ́tìnnì dé ìkẹsàn-án láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n báyìí ju bí ó ṣe mọ kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí mo ṣe ń padà, Tíṣà á kàn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti dúró, láàárín gbólóhùn.

Ẹtì, 18 Agẹmọ

Ẹ̀kọ́ ogún. Ó parí. Wọ́n ṣe méje lóòótọ́.

Wọn ò fi àdúrà parí rẹ̀ bí mo ṣe rò. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí olúkúlùkù lọ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́ ọ." Wọ́n wúkọ́, Tóyìn wá pa ìpè.

Ọjọ́ Ajé, 21 Agẹmọ

Wọ́n pè mí ní aago mẹ́rin bí ẹni pé ẹ̀kọ́ wà. Ọwọ́ mi ti lọ sí ìkẹtàlá kí n tó ronú. Tíṣà ní:

"Ṣé ẹ̀rọ rẹ ń ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Pa á. Èyí kì í ṣe ti kíláàsì."

Mo tẹ ìkẹrìnlá. Mo tilẹ̀ pa Alákàwé náà. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án la fi sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò sí nínú fáìlì kankan, n ò sì ní kọ ọ́ síbí.

Ìṣẹ́gun, 22 Agẹmọ

Òjò láti ìdájí. N ò lè ṣiṣẹ́. Màmá mi pè láti Ẹlẹ́yẹlé lẹ́ẹ̀mejì, Ẹ̀gbọ́n Sùrájù pè lẹ́yìn ìrun ọ̀sán pé àwọn ti dárúkọ Tíṣà níwájú Ọlọ́run. Shukurat ò pè. Ó fi ohùn àwọn ọmọ ránṣẹ́, wọ́n ń kọ orin orúnkún. N ò gbọ́ ọ parí.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ kí Tóyìn tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Wọ́n ti jáde. Wọ́n wà láàyè. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Ọjọ́bọ̀, 31 Agẹmọ

Wọ́n ti gbé Tíṣà délé. Ihò kan wà lọ́rùn wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mí. Tóyìn gbé ẹ̀rọ bíréèlì wọn ka orí itan wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ni pé ọbẹ̀ ọsibítù náà ò níyọ̀. Èkejì, wọ́n fẹ́ gbọ́ àwọn ẹ̀kọ́ náà.

Mo fi gbogbo ogún ránṣẹ́ lónìí. Ẹ̀rù díẹ̀ ń bà mí. N ò mọ bí ó ṣe ń rí lára, kí ènìyàn tí kò lóhùn mọ́ jókòó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 Ògún

Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́ méjì lóòjọ́, Tóyìn ní wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé. Wọn ò tíì kọ nǹkan kan.

Ẹtì, 8 Ògún

Tóyìn pè. Ó ní bàbá òun kọ lẹ́tà kan fún mi, ó sì fẹ́ kà á bó ṣe wà. Ọmọ olùkọ́ afọ́jú ni, ó ti mọ bíréèlì kà kó tó mọ bàtà wọ̀. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

"Ìfẹ́dayọ̀. Ẹ̀kọ́ kẹrìnlá, nǹkan bí ìṣẹ́jú kọkànlá. Ọwọ́ ni mo fi gbé ọwọ̀, ọ̀wọ̀ ni mo fi kí àgbà, ọ̀wọ́ ẹyẹ ló gba òkè lọ. Ohùn mi kò gòkè níbi ọ̀wọ́. Ó kù sí ìsàlẹ̀. Àwọn ẹyẹ mi kò fò. O gbọ́ ọ, o sì dákẹ́. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Tóyìn ní, "Ṣé lóòótọ́ ni? O gbọ́ ọ?"

Mo gbọ́ ọ. N ò kọ ọ́ síbí lọ́jọ́ náà nítorí n ò fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Wọ́n gbìyànjú láti gbé e sókè, ọ̀fun wọn kọ̀, ọ̀rọ̀ náà já bọ́ di ọ̀wọ̀ kejì. Wọ́n dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé èmi ni wọ́n ń dúró dè. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọmọ mọ́kànlá ti ń fọwọ́ kan orúnkún níbi tó yẹ kí wọ́n kan iwájú orí.

"Lẹ́tà náà ò tíì tán," ni Tóyìn wí. "Wọ́n ní: Èmi ò lè tún un sọ mọ́. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Àbámẹ́ta, 9 Ògún

Mo jí ní kùtù kí àwọn jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ìpè tí mo fẹ́ gbà sílẹ̀ lónìí, kò sí ètò kankan tí mo máa yàn. Máìkì lásán ni.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo ń ṣe ohùn bíi ti Tíṣà. Mo pa á rẹ́. Ìgbà kejì, omi wà lójú mi, ó sì ń dún nínú imú. Mo pa ìyẹn náà rẹ́, mo lọ fọ àwo, mo padà wá.

Ìgbà kẹta, mo fọwọ́ kan orúnkún, mo gbé e dé iwájú orí, mo jẹ́ kí ẹnu tẹ̀lé ọwọ́. Ọ̀wọ́ ẹyẹ ló gba òkè lọ. Mo gé ti Tíṣà kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré. Mo fi temi sí i. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Shukurat, ọ̀kan sí Winnipeg.

Tóyìn pè ní ìrọ̀lẹ́.

"Wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Wọn ò kọ nǹkan kan."

"Ṣé kò dáa ni?"

"Ìfẹ́dayọ̀," ni Tóyìn wí, mo sì gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "ṣé o ò mọ bàbá mi ni? Bí kò bá dáa, bébà ì bá ti tán nílé yìí."